Ṣé Woodcroft ló yẹ kó lọ? Ọ̀rọ̀ Oilers, McDavid àti kóòṣì tuntun

Àkànní Yìnyín, 12 oṣù kọkànlá 2023
Wọ́n ti lé Jay Woodcroft, kóòṣì Oilers, ikọ̀ họ́kì orí yìnyín wa ní Edmonton, lónìí. Dave Manson tó ń mójú tó àwọn tó ń mú ẹ̀yìn náà bá a lọ. Kris Knoblauch ń bọ̀ láti Hartford wá di kóòṣì tuntun, Paul Coffey ni yóò sì máa tọ́ àwọn tó ń mú ẹ̀yìn báyìí. Nínú eré 13, a borí 3, a pàdánù 9, ọ̀kan tó kù bọ́ lọ́wọ́ wa ní àfikún àsìkò. Mo mọ̀ pé kò dáa. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n lé yìí borí 79 nínú eré 133, ó sì gbé wa dé ẹnu ọ̀nà àṣekágbá ní 2022. Aṣọ́lé ni ìṣòro wa. Bí wọ́n bá ta puck (rọ́bà pẹlẹbẹ tí a ń fi ọ̀pá gbá) sílé nígbà 30, aṣọ́lé tó mọṣẹ́ á mú 27. Jack Campbell ń mú bíi 26. Ẹ má fojú kéré ayò kan yẹn o. Nínú líìgì tó jẹ́ pé ayò kan ló máa ń wà láàárín ikọ̀ méjì, òun ló ń sọ ìborí di ìpàdánù. Kí ni kóòṣì fẹ́ ṣe sí ìyẹn?

Ìyá Bàtà-Yìnyín
Ẹ̀gbọ́n Àkànní, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ta ló ń fi àárín sílẹ̀ fún alátakò? Lọ́dún tó kọjá, kálukú ló ń mú ẹnì kan ní àgbègbè ilé wa. Kí sáà yìí tó bẹ̀rẹ̀, Woodcroft yí i padà: ẹni mẹ́rin dúró bí igun àpótí níwájú ilé, ẹnì kan ṣoṣo ló ń lé puck kiri. Tí ẹ bá yà á sórí pátákó, ó dáa. Ó di ẹnu ọ̀nà. Àmọ́ bí alátakò bá gbé puck láti kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilé wá sókè, àpótí yẹn gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ sì ni àwọn tiwa ti ń wojú ara wọn: èmi ni, àbí ìwọ? Kí wọ́n tó dáhùn, páàsì ti wọ àárín. Skinner, aṣọ́lé wa kejì, kò tilẹ̀ rí ibi tí puck ti gbéra, torí ẹsẹ̀ àwọn tiwa gan-an ló dí i lójú. Vancouver na wá 8 sí 1 lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó yẹ kó ti padà sí ti àtijọ́ láti ọ̀sẹ̀ kejì.

Àkànní Yìnyín
Àbúrò mi, kí wọ́n tó lé e, àwa là ń rí àyè gbá wọlé ju alátakò lọ nígbà tí eré bá wà ní márùn-ún sí márùn-ún. Ikọ̀ tí ètò rẹ̀ bàjẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ará Rogers Place
Ẹ̀yin méjèèjì ń yẹra fún ọ̀rọ̀. McDavid, balógun wa, ńkọ́? Góòlù 64 lọ́dún tó kọjá, àpapọ̀ góòlù àti ìrànlọ́wọ́ sì jẹ́ 153. Ní báyìí, góòlù 2 àti ìrànlọ́wọ́ 8 nínú eré 11. Ó farapa ní òkè ara ní 21 oṣù kẹwàá. Ní 29, ó ti padà sórí yìnyín torí eré ìta gbangba pẹ̀lú Calgary ní Commonwealth Stadium. A borí 5 sí 2, inú wa dùn, ṣùgbọ́n wọ́n yá jù. Títa puck kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ nìkan: ara òkè ló ń yí, òun ló ń mú kí ọ̀pá tẹ̀ kó tó ju puck sílẹ̀. Ẹni tí ibẹ̀ ń dùn á máa wá ẹni tó máa fún ní páàsì. Alátakò tó bá sì ti mọ̀ pé kò ní ta, á kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, á lọ dí ọ̀nà Draisaitl, ẹnìkejì rẹ̀ tó ń gbá wọlé. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni ì bá fi sinmi.

Bàbá Ìṣirò
Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó. Òdiwọ̀n owó tí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan lè san fún àwọn eléré rẹ̀ lọ́dún yìí jẹ́ mílíọ̀nù 83.5 dọ́là. McDavid ń gba 12.5, Nurse tó ń mú ẹ̀yìn 9.25, Draisaitl 8.5. Àwọn mẹ́ta péré ti kó 30.25. Wọ́n fún Campbell ní ìwé àdéhùn ọdún 5 ní 2022, mílíọ̀nù 5 lọ́dún. Lọ́sẹ̀ yìí wọ́n rán an lọ sí Bakersfield, ikọ̀ kékeré wa, wọ́n sì pe aṣọ́lé mìíràn, Calvin Pickard, wá. Ẹ rò pé mílíọ̀nù 5 ti kúrò lọ́rùn wa? 1.15 péré ni òfin gbà kí wọ́n yọ, 3.85 ṣì wà níbẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ra aṣọ́lé? Kóòṣì kò sí nínú òdiwọ̀n yẹn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń lé. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé Campbell ṣì wà lórí àga, ìyẹn ló bí mi nínú.

Ará Rogers Place
Bàbá, ẹ ò sọ èyí tó kù. Knoblauch ló kọ́ McDavid ní Erie, ikọ̀ àwọn ọ̀dọ́, nígbà tí McDavid wà ní ọmọ ọdún 15 sí 18. Jeff Jackson, aṣojú McDavid tẹ́lẹ̀, ló di ọ̀gá níbí ní oṣù kẹjọ. Kóòṣì karùn-ún McDavid níbí rèé: McLellan, Hitchcock, Tippett, Woodcroft, Knoblauch. Tí èyí náà kò bá rọ́nà gbé e gbà, ta la ó dá lẹ́bi?

Ìyá Bàtà-Yìnyín
Ẹ má fi ìyẹn gba ẹ̀tọ́ ọkùnrin náà. Knoblauch gba ife ẹ̀yẹ pẹ̀lú Kootenay, ikọ̀ ọ̀dọ́ mìíràn, ní 2011 àti pẹ̀lú Erie ní 2017, McDavid sì ti kúrò ní Erie tipẹ́ nígbà yẹn. Lọ́la, tí a bá pàdé Islanders, ibi tí sẹ́ńtà wa (ẹni tó ń gbá àárín, bíi McDavid) dúró ni kí ẹ wò nígbà tí puck bá wà ní kọ̀rọ̀ wa. Tó bá sọ̀kalẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ilé, tó mú ẹnì kan, ètò ti yí padà nìyẹn. Ibẹ̀ náà ni McDavid ti máa ń gba puck pẹ̀lú eré lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Tó bá dúró gbagidi lókè, alátakò ti dí i kó tó sáré.

Àkànní Yìnyín, 14 oṣù kọkànlá
4 sí 1. Mo yọ̀. Ṣùgbọ́n 4 sí 1 náà ni Woodcroft fi na Seattle lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n lé e.

Ará Rogers Place, 7 oṣù kejì 2024
Mo padà wá síbí torí Vegas dá wa dúró lánàá, 3 sí 1. Eré 16 la borí léra, ọ̀kan péré ló kù ká bá àkọsílẹ̀ ìborí léraléra tí Pittsburgh ṣe ní 1993 dọ́gba. McDavid ti yá. Ohun tí mo sọ nìyẹn.

Àkànní Yìnyín
Skinner ló yá! Ẹ wo iye ayò tó ń wọlé wa báyìí. Ká ní ó mú puck bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹwàá, Woodcroft ì bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ìyá Bàtà-Yìnyín
Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún wo ibi tí wọ́n ti ń ta á. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló pọ̀ jù báyìí, Skinner sì ń rí i láti òkèèrè. Coffey ń ní kí àwọn tó ń mú ẹ̀yìn gbé puck jáde fúnra wọn dípò kí wọ́n máa sọ ọ́ mọ́ ògiri. Puck tí ẹ kò bá sọ nù kì í padà wá bá aṣọ́lé.

Bàbá Ìṣirò
8 oṣù kẹta ni pípààrọ̀ eléré láàárín àwọn ikọ̀ máa dópin. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ náwó lórí aṣọ́lé. Ẹ̀gbẹ́ Nurse ni mo ń wò, níbi tí Ceci, ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́yìn, wà. Ibẹ̀ ni ikọ̀ tó bá gbọ́n máa gbà wọlé tó bá di àsìkò ife.