Yíyọ òṣìṣẹ́ ìjọba kúrò nínú ètò ìdìbò kò lè pa màgòmágó

Tí ìdìbò bá ti ń sún mọ́ ní Nàìjíríà, ẹ ó máa gbọ́ ọ pé kí ẹni tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba má fọwọ́ kan ètò ìdìbò mọ́. Èèyàn gidi ló ń sọ ọ́. Ohun tó ń dùn wọ́n ń dun èmi náà, àmọ́ ibi tí wọ́n ń nàka sí kọ́ ni èrú wà.

Lọ́dún 2023, ibùdó ìdìbò 176,846 ló wà nínú ìwé INEC. Ọ̀gá ibùdó kan àti olùrànlọ́wọ́ 3 ló sábà máa ń wà níbi kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò rẹ̀, ó lé ní 700,000 èèyàn. Òṣìṣẹ́ tí INEC gbà síṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá iye yẹn. Àwọn agùnbánirọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga àti òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló ń dí àlàfo náà, agùnbánirọ̀ pàápàá sì rèé, ìjọba àpapọ̀ ló ń sanwó fún un lóṣooṣù. Tí gbogbo wọn bá jókòó sílé, ta ló kù? Ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ni yóò kọ́kọ́ nawọ́.

Àwọn kan á ní ká kúkú fi sílẹ̀ fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Láti ìgbà tí Attahiru Jega jẹ́ alága INEC, ní 2011, ni àwọn olùkọ́ yunifásítì ti ń kéde èsì. Ṣùgbọ́n ta ló ń san owó oṣù yunifásítì ìjọba àpapọ̀? Oyè ńlá náà kò sì ní kéèyàn má ṣèrú. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, ilé ẹjọ́ gíga kan ní Ikot Ekpene rán ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti Yunifásítì Calabar lẹ́wọ̀n ọdún 3, nítorí èsì ìdìbò sẹ́nétọ̀ 2019 tó yí ní Akwa Ibom.

Ẹ wo ibi tó ti ṣe é: ibi àkójọ èsì. Ní ibùdó ìdìbò, gbangba ni wọ́n ti ń ka ìbò. Aṣojú ẹgbẹ́ ń buwọ́ lùwé, wọ́n ń fún un ní ẹ̀dà tirẹ̀, wọ́n sì ń lẹ èsì mọ́ ara ògiri kí gbogbo ayé rí i. Ìgbà tí ìwé náà bá dé wọ́ọ̀dù tàbí ìjọba ìbílẹ̀ ni ojú aráàlú kì í tó o mọ́. Ẹni yòówù tí ẹ bá fi síbẹ̀, ì báà jẹ́ òṣìṣẹ́ báńkì, tí ẹnikẹ́ni kò bá lè fi ẹ̀dà ọwọ́ rẹ̀ bá a jiyàn, yóò rí àyè ṣe ohun tó wù ú.

Ìjìyà náà kì í sì í tètè dé. Ẹjọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kejì tó yí èsì ní Akwa Ibom, nínú ìdìbò 2019 kan náà, kò rí ìdájọ́ títí di 2025. Láti 2008 ni ìgbìmọ̀ Uwais, tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti ṣàtúnṣe ètò ìdìbò, ti dábàá àjọ pàtàkì tí yóò máa gbé arúfin ìdìbò lọ sílé ẹjọ́. Nígbà tí a fi dìbò ní 2023, kò tíì sí i; INEC tó ń ṣètò ìdìbò náà ló tún ń sáré ẹjọ́ kiri. Òfin àjọ yẹn ni kí a máa béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin wa, kì í ṣe èyí tí yóò lé agùnbánirọ̀ kúrò nídìí àpótí.