Ẹnu ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta sìgá lẹ́yọ ni kí ẹgbẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin ará Èkìtì, mo kí yín o. Lọ́dọọdún, tó bá di ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún, ìyẹn Ọjọ́ Àìlo Tábà Lágbàáyé, àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti tábà a wọ aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n a rìn yí ìgboro ká, wọ́n a bá àwọn ọmọ ilé ìwé sọ̀rọ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n awakọ̀ inú gáréèjì Ìkéré kì í sí níbẹ̀, lébìrà inú oko kòkó kì í sí níbẹ̀, ìyá àgbà tó ń fi aṣáà há ètè náà kì í sí níbẹ̀. Àwọn gan-an ni wàhálà náà sì wà lọ́rùn wọn jù.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2012 sọ pé àgbàlagbà 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lo tábà: 10 láàárín ọkùnrin, 1.1 láàárín obìnrin. Àwọn kan á ní iye yẹn ò pọ̀. Èmi ò gbà. Olówó tó ń mu sìgá á tètè rí dókítà. Ẹni tí ò lówó àyẹ̀wò, ìgbà tó bá ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa gbé e dé ọsibítù.

Òfin ìdènà tábà ti ọdún 2015 ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta sìgá lẹ́yọ, páálí ò gbọdọ̀ dín ní ẹyọ 20, ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ò sì gbọdọ̀ rà á. Ẹ wá wo ìsọ̀ tó wà lẹ́nu gáréèjì. Páálí kan á ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mínǹtì àti bisikíìtì, wọ́n á fi okùn so láítà mọ́ òpó, ìgò páràgà á tò sísàlẹ̀. Ẹni tó ra ẹyọ kan ò ní rí ìkìlọ̀ tó wà lára páálí. Owó ẹyọ kan ò ṣòro fún ọmọdé. Ẹni tó sì ti pinnu láti jáwọ́, tó bá ti rí láítà yẹn, ọkàn rẹ̀ a tún fà sí i.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ mú wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ná. Kí wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan síbẹ̀; èèyàn bíi mẹ́wàá tó: ẹnìkan láti ẹgbẹ́ awakọ̀, ọlọ́kadà kan, aṣojú Ìyálọ́jà, nọ́ọ̀sì, pásítọ̀, ìmáàmù, àti ẹni tó ń ta sìgá fúnra rẹ̀. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ẹ má ṣe pè ìpàdé lọ́jọ́ ọjà o, wọn ò ní wá. Kí ẹni méjì rìn yí wọ́ọ̀dù náà ká nírọ̀lẹ́, nígbà tí gáréèjì bá kún, kí wọ́n kọ gbogbo ìsọ̀ tó ń tà á sílẹ̀, bó ṣe jìnnà sí ilé ìwé tó, àti àwọn tó ń rà á.

Ohun mẹ́ta ni kí wọ́n bẹ àwọn olùtajà fún, níkọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́, kí wọ́n má ta á fọ́mọdé, ìbáà jẹ́ bàbá rẹ̀ ló rán an. (Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé rán ọmọ ní sìgá.) Ìkejì, kí wọ́n tú láítà yẹn kúrò. Ìkẹta, kí wọ́n má tà á lẹ́yọ mọ́. Ìkẹta yìí ló le jù, torí èrè ẹyọ pọ̀ ju ti odidi páálí lọ. Ẹ bá wọn wá ọjà mìíràn tí wọ́n máa fi dípò rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kó ọlọ́pàá lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, abẹ́ tábìlì ni sìgá náà máa bọ́ sí, kò sì sẹ́ni tó máa bá yín sọ òótọ́ mọ́. Ẹ má sì gba owó iléeṣẹ́ tábà, kódà bí wọ́n ní àwọn fẹ́ gbẹ́ kànga fún yín.

Ọ̀rọ̀ aṣáà ló ń dùn mí jù, torí kò sẹ́ni tó ń dá sí i. Inú ọ̀rá ni wọ́n ń di í sí, láìsí ìkìlọ̀ kankan. Káún tí wọ́n ń lọ̀ mọ́ ọn ló ń jẹ́ kí oró inú tábà tètè wọ ara. Ó lè fa jẹjẹrẹ ẹnu, ó sì lè ṣe oyún léṣe. Bí nọ́ọ̀sì bá bi ìyá kan pé, “Ṣé ẹ ń mu sìgá?”, rárá ló máa dáhùn, òótọ́ ló sì sọ. Kí ó bi í pé, “Mà, ṣé ẹ máa ń lo aṣáà?” kí ó sì kọ ọ́ sínú káàdì.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ló rọrùn jù láti ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà nílé ìwòsàn ìjọba, ó kéré tán oṣù mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń lo ó, sìgá sì ń mú kí àìsàn náà burú sí i. Gbogbo ìgbà tí aláìsàn bá wá gba oògùn, ẹ bi í léèrè bóyá ó ń mu sìgá tàbí ó ń lo aṣáà. Ẹ bá a mú ọjọ́ tó máa jáwọ́, kí ó má ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kí ará ilé rẹ̀ sì mọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa ń le jù. Bí ọkàn rẹ̀ bá ń fà á, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni: kí ó mu omi, kí ó run orín, kí ó kúrò níwájú ìsọ̀ náà. Kí ó yẹra fún ibi ọtí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń padà sí i. Bó bá tún mu ẹyọ kan, ẹ má nà án lẹ́gba ọ̀rọ̀. Ẹ bá a mú ọjọ́ mìíràn lójú ẹsẹ̀.