Iná bẹ́líìtì kú, ewu ò tíì lọ

Ìmọ̀ràn kan wà tí wọ́n máa ń fún ẹni tó bá fẹ́ wọ bàálù lẹ́ẹ̀kíní ládùúgbò wa ní Ìpakodò, ní Ìkòròdú níbí. Bí ẹnìkan bá ti ń múra Mẹ́kà, àwọn tó ti lọ rí á pè é jókòó, wọ́n á ní: "Tí bàálù bá ti gbéra tán, tí iná bẹ́líìtì, ìyẹn iná tó ń ní kó o de ara ẹ mọ́ ìjókòó, bá ti kú, tú bẹ́líìtì sílẹ̀ kára rọ̀ ẹ́. Ó tún di ìgbà tó bá fẹ́ balẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gba ìmọ̀ràn yìí. Wọ́n ń bọ̀ láti Jeddah, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tíì síwájú wọn ni, bẹ́líìtì sì wà ní títú, ni bàálù bá ṣàdédé rì wálẹ̀. Orí wọn gbá ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí lókè, tíì gbígbóná bó wọn nítan. Àpá rẹ̀ ò tíì parẹ́ títí di òní. Nígbà tí wọ́n délé, ohun tí gbogbo ará ilé ń sọ ni pé páílọ́ọ̀tì ló wọnú ihò.

Kò sí ihò kankan lójú ọ̀run. Afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń ṣàn bí omi. Ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté wa mọ̀ pé ibi tí omi tó ń sáré bá ti fara kan èyí tó ń rọra lọ, omi ibẹ̀ á máa yí po. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lókè níbi tí bàálù ń gbà, ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá sókè. Afẹ́fẹ́ líle kan máa ń sáré gba ibẹ̀ kọjá, etí rẹ̀ ni rúgúdù wà, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó ń yí po, tó máa ń mi bàálù jìgìjìgì. Oòrùn lè ràn kedere, kó má sí ìkùukùu kan, kí rúgúdù náà sì wà níbẹ̀. Rédà inú bàálù, ẹ̀rọ tí páílọ́ọ̀tì fi ń wo ojú ọjọ́ níwájú, ẹ̀kán omi òjò ló ń rí. Ìdí nìyẹn tí páílọ́ọ̀tì fi lè rí òjò tó ṣú lọ́ọ̀ọ́kán kó sì yà fún un, àmọ́ kò ní í rí afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń yí. Tó bá pa iná bẹ́líìtì, ohun tó ń sọ ni pé òun ò tíì rí nǹkan kan. Kò sọ pé kò sí nǹkan kan.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, bàálù Singapore Airlines kan ń ti London bọ̀ ní Singapore. Òkè ilẹ̀ Myanmar ni wọ́n dé, àkókò oúnjẹ àárọ̀ ni. Àwọn tó ṣèwádìí sọ pé iná bẹ́líìtì tàn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 8 péré kí jìgìjìgì tó le náà tó dé. Lẹ́yìn náà ni bàálù rì wálẹ̀ ní mítà 54 láàárín ìṣẹ́jú àáyá tí kò pé 5. Ọkùnrin ẹni ọdún 73 kan kú, ọ̀pọ̀ èèyàn sì fara pa. Ìṣẹ́jú àáyá 8! Ta ni nínú wa tó lè gbé abọ́ oúnjẹ kúrò nítan, kó wá bẹ́líìtì lábẹ́ ìró, kó sì dè é kí 8 tó pé?

Àwọn kan máa ń sọ pé bẹ́líìtì ò lè gba èèyàn bí bàálù bá já. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà tí mo bọ̀wọ̀ fún, àmọ́ kì í ṣe torí kí bàálù má já la ṣe ń dè é. Ṣàṣà ni jìgìjìgì afẹ́fẹ́ fi ń já bàálù òde òní bọ́ sílẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bàálù á sáré lọ sísàlẹ̀, ẹni tí kò de ara rẹ̀ mọ́ ìjókòó ò ní í bá a lọ, àjà á wá pàdé orí rẹ̀ lókè. Ẹni tó de bẹ́líìtì á bá bàálù sọ̀ kalẹ̀ lórí ìjókòó rẹ̀.

Láàárín ọdún 2009 sí 2022, àjọ FAA tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà ka èèyàn 163 tí jìgìjìgì yìí ṣe léṣe gan-an. Òṣìṣẹ́ inú bàálù ni 129 nínú wọn, torí pé orí ìdúró ni wọ́n wà, tí wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ tó lè wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì méjì. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá dá oúnjẹ dúró tí wọ́n sáré lọ jókòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wọn, ẹ má sì ní wọ́n ń ṣahun tíì. Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá gbọ́ bí àwọn èèyàn wa ṣe ń pariwo lé wọn lórí.

Ẹ dè é ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá wà ní ìjókòó. Ẹ lè dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó má fún yín, àmọ́ kó wà nísàlẹ̀ ikùn, kó sì wà lórí aṣọ ìbora, káwọn òṣìṣẹ́ lè rí i láìjí yín lójú oorun. Tíì tàbí omi gbígbóná, ẹ ní kí wọ́n bù ú dé ìdajì ife. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, a kì í pọn ọmọ ká má gbá ọ̀já. Ọwọ́ nìkan ò lè di ọmọ mú nígbà tí bàálù bá rì lójijì, bí ìyá náà ti wù kó lágbára tó. Bí agbára bá ká a, ẹ ra ìjókòó tirẹ̀ fún un. Ẹ má fi bẹ́líìtì tiyín de ọmọ mọ́ra o, ara yín ló máa tẹ̀ ẹ́ pa.

Ní èbúté Ìpakodò, kò sẹ́ni tó ń dúró de ìgbì kó tó wọ ẹ̀wù tó ń gbé èèyàn léfòó. Kí ọkọ̀ tó kúrò létí omi la ti ń wọ̀ ọ́, a kì í sì í bọ́ ọ láàárín ọ̀sà torí pé omi pa rọ́rọ́.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti ń múra láti padà lọ. Àwọn gan-an ló ń pe àwọn tó fẹ́ lọ jókòó báyìí, wọ́n á ká ìró sókè díẹ̀, wọ́n á fi àpá náà hàn wọ́n.