Kì Í Ṣe Ọ́síjìn Púpọ̀ Ló Ń Mú Ọkàn Balẹ̀ Nínú Èémí Yógà

Ìgbàgbọ́ kan ti gbilẹ̀ débi pé àwọn olùkọ́ yógà, àwọn tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá àti àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ìlera lórí ẹ̀rọ ayélujára kì í yẹ̀ ẹ́ wò mọ́ kí wọ́n tó sọ ọ́. Wọ́n á ní ìdí tí mímí kanlẹ̀ fi ń mú ọkàn balẹ̀ ni pé ó ń gbé ọ́síjìn púpọ̀ lọ sínú ọpọlọ, àti pé bí ènìyàn bá ṣe fa atẹ́gùn sínú tó ni ara rẹ̀ yóò ṣe tù ú tó. Apá kan nínú ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òtítọ́: mímí ní ìlànà, bí àwọn ará Íńdíà ti ń ṣe é nínú ohun tí wọ́n ń pè ní pranayama, ń mú ọkàn balẹ̀ lóòótọ́. Àlàyé tí wọ́n so mọ́ ọn ni kò tọ̀nà, àṣìṣe náà kò sì kéré, nítorí ẹni tó bá gbà á gbọ́ lè máa ṣe òdìkejì ohun tó yẹ kó ṣe.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ̀jẹ̀. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, tó jókòó jẹ́ẹ́, èròjà pupa tó ń gbé ọ́síjìn kiri inú ẹ̀jẹ̀ ti kún tó ìdá 95 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún kó tó di pé ó mí èémí àkànṣe kankan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti mọ ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń há ìka ní ilé ìwòsàn, pàápàá láti ìgbà àrùn Kòrónà ní 2020. Bí ẹ bá fi há ìka ẹni tí kò ṣàìsàn, tó sì ka 98, ẹ ní kó mí kanlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. 98 náà tàbí 99 lẹ máa bá níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí à ń fà símú ní ọ́síjìn bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí à ń mí síta sì ṣì ní bí ìdá 16, èyí tó fi hàn pé púpọ̀ jù nínú ọ́síjìn tí a fà sínú la tún ń dá padà láìlò. Ẹni tí òtútù àyà tàbí ikọ́ fée bá dé mọ́lẹ̀, tí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti já wálẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ilé ìwòsàn ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èémí yógà.

Àwọn kan á ní èémí jíjinlẹ̀ máa ń dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, èémí kúkúrú kì í sì í débẹ̀. Òtítọ́ wà nínú èyí, ó sì yẹ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń mí nígbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan, èémí kọ̀ọ̀kan sì máa ń tó bíi mìlílítà 500. Nǹkan bí 150 nínú rẹ̀ kì í kọjá imú, ọ̀nà ọ̀fun àti àwọn òpó tó wọ ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí afẹ́fẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ kò ti fojú kanra. 350 tó kù ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mí nígbà 15 láàárín ìṣẹ́jú kan ti rí mìlílítà 5,250 lò. Ká ní ẹlòmíràn wá ń ṣe pranayama lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń mí nígbà mẹ́fà péré, tí èémí kọ̀ọ̀kan sì jinlẹ̀ tó mìlílítà 1,000. Ẹ yọ 150 kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi mẹ́fà sọ 850 di púpọ̀, 5,100 ni. Afẹ́fẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ti ẹni tó ń ṣe pranayama ló tilẹ̀ fi díẹ̀ kéré, síbẹ̀ òun ni ọkàn rẹ̀ balẹ̀ jù.

Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ń ṣe ìpalára gan-an ni ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ̀rù òjijì mú, tí àyà rẹ̀ ń já, tí àwọn tó yí i ká sì ń pariwo lé e lórí pé, “Ẹ mí kanlẹ̀, ẹ̀gbọ́n! Ẹ tún mí! Ẹ fà á sínú dáadáa!” Ó la ẹnu, ó ń gbé èjìká sókè sódò, ó ń mí gúlegúle. Kò pẹ́ tí òòyì fi ń kọ́ ọ, ètè rẹ̀ ń kú, ìka rẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn ín, àwọn ìka ọwọ́ náà sì lè ká kò, kí wọ́n má fẹ́ nà mọ́. Àwọn tó yí i ká rò pé ọ́síjìn ló ń wọ́n ọn, wọ́n tún ní kó fa púpọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀, ọ́síjìn kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bámúbámú. Ohun tó ti já wálẹ̀ ni carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí a sábà máa ń kà sí ìdọ̀tí lásán.

Ara kò fi ojú ìdọ̀tí wo carbon dioxide. Nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ máa ń fún mọ́ra, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọpọlọ sì lè fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù bí ènìyàn bá ń mí gúlegúle gidi. Christian Bohr, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Dẹ́ńmáàkì, ti fi hàn láti 1904 pé carbon dioxide ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tú ọ́síjìn sílẹ̀ fún ẹran ara. Bí carbon dioxide bá dín kù, ẹ̀jẹ̀ á di ọ́síjìn mú, kò ní tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ọpọlọ ẹni tó ń fa atẹ́gùn tagbáratagbára ń rí ọ́síjìn gbà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni? Rárá, èyí tó ń rí gbà kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Àwọn dókítà tó ń wá àmì wárápá mọ èyí dáadáa: wọ́n máa ń ní kí aláìsàn mí kíákíá fún ìṣẹ́jú mélòó kan nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ka iná mànàmáná inú ọpọlọ rẹ̀, nítorí pé irú èémí bẹ́ẹ̀ lè mú kí àmì àìsàn náà jáde.

Àwọn òmùwẹ̀ pàápàá ti fara gbá nínú àṣìṣe kan náà. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, J. S. Haldane àti J. G. Priestley, ṣàlàyé ní 1905 pé bí carbon dioxide ti ń pọ̀ sí i nínú ara ló ń mú kí ó máa wù wá láti mí, kì í ṣe pé ọ́síjìn ti tán. Òmùwẹ̀ tó bá mí kíákíá lọ́pọ̀ ìgbà kó tó bẹ́ sómi rò pé òun ti to ọ́síjìn pamọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ fún un pé kó jáde wá mí ló ti tú dànù. Ọ́síjìn rẹ̀ á tán lábẹ́ omi kó tó mọ̀, á sì dákú síbẹ̀. Àwọn ènìyàn ti bá èyí lọ.

Kí ló wá ń mú ọkàn balẹ̀? Ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ yín, ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, níbi tí iṣan ti ń sọ kìkì. Ẹ rọra mí sínú, kí ẹ wá jẹ́ kí èémí náà jáde díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán. Bí ẹ bá tẹ́tí sí i dáadáa, ẹ ó rí i pé iṣan náà yára díẹ̀ nígbà tí ẹ ń fa èémí sínú, ó sì falẹ̀ nígbà tí ẹ ń tú u síta. Iṣan ajíṣẹ́ kan tó ti inú ọpọlọ wá, tí wọ́n ń pè ní vagus, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí: bí a bá ń mí síta, ó máa ń tẹ ọkàn inú àyà lọ́wọ́ wò kó má sáré; bí a bá ń mí sínú, ó máa ń dẹ ọwọ́. Ẹni tó bá fa ìgbà mímí síta gùn ti fún iṣan yìí láyè láti ṣiṣẹ́ pẹ́. Èyí nìkan kọ́: ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wa máa ń lọ sókè sódò fúnra rẹ̀, ó sì máa ń gbà á tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó tó parí ìyípo kan. Ẹni tó bá ń mí nígbà mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan ń mí ní ìṣísẹ̀ kan náà pẹ̀lú ìyípo yìí, èémí, ọkàn inú àyà àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á sì jọ máa rìn pọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àwọn àgbà tó kọ́kọ́ kọ nípa pranayama kò sọ ohun tí à ń sọ mọ́ wọn lẹ́nu yìí. Wọn kò lè sọ̀rọ̀ nípa ọ́síjìn, nítorí pé àwọn ọdún 1770 ni aráyé tó mọ̀ ọ́n. Nínú àwọn gbólóhùn ṣókí nípa yógà tí wọ́n ń pè mọ́ orúkọ Patanjali, àgbà olùkọ́ yógà ayé àtijọ́ ní Íńdíà, ibi tí ó ti kan fífi èémí mú ọkàn rọ̀, títú èémí síta àti dídá a dúró ló mẹ́nu bà. Svatmarama, tó kọ Hatha Yoga Pradipika ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, sọ pé bí èémí bá ń mì, ọkàn náà á máa mì. Ó tún kìlọ̀ pé díẹ̀díẹ̀ ni kí ènìyàn máa tu èémí lójú, bí a ti ń tu kìnnìún, erin àti ẹkùn lójú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á pa ẹni tó ń ṣe é. Ìkìlọ̀ yẹn kò jọ ti ẹni tó ní ká fà á sínú bó bá ti lè pọ̀ tó.

Ìwé àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tó fẹ́ràn eré ìdárayá, ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún àti ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e, ni ọ̀rọ̀ ọ́síjìn ti gbà wọlé. Ọ̀kan nínú wọn ni William Walker Atkinson, ará Amẹ́ríkà tó ń fi Yogi Ramacharaka ṣe orúkọ ìkọ̀wé. Ohun tó dùn mí ni pé ọmọ Íńdíà kan ti tètè yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Swami Kuvalayananda dá ilé ìwádìí Kaivalyadhama sílẹ̀ ní Lonavla, láàárín Mumbai àti Pune, ní 1924; ó wọn ọ́síjìn tí ara ń gbà nígbà pranayama, ó sì sọ ọ́ gbangba pé kì í ṣe ibẹ̀ ni àǹfààní rẹ̀ wà. Ó ti tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí, a ṣì ń tún àṣìṣe náà sọ ní orúkọ yógà.

Ọ̀rọ̀ ìró ló tún mú kí ọ̀nà yìí yé mi jù. Ẹni tó bá ń pe Om, ìró mímọ́ àwọn ará Íńdíà, tàbí tó ń kùn bí oyin nínú èyí tí wọ́n ń pè ní bhramari, kò lè fa èémí sínú lásìkò yẹn. Ìró náà fúnra rẹ̀ ló ń dá èémí dúró kó má tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Luciano Bernardi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pavia, ní Ítálì, gbé ìwádìí kan jáde ní 2001, níbi tí àwọn àgbàlagbà 23 ti ka àdúrà Ave Maria inú rósárì àwọn Àgùdà ní èdè Látìn, tí wọ́n sì tún pe mantra, ìyẹn ọ̀rọ̀ mímọ́ tí wọ́n máa ń pè ní àpètúnpè, ti àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, om mani padme hum. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò jọra rárá, ẹ̀sìn wọn kò pa pọ̀, ṣùgbọ́n àtèyí àtìyẹn ló mú kí wọ́n máa mí ní bí ìgbà mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, tí ọkàn inú àyà àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn pọ̀. Kò sí ẹni tó fún wọn ní ọ́síjìn kún tiwọn.

Mi ò sọ pé ìró kò ní iṣẹ́ mìíràn. Ìwádìí kan láti NIMHANS, ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ nípa ọpọlọ ní Bangalore, ní Íńdíà, ní 2011 fi pípe Om wé pípe “sss” lásán, ó sì rí i pé àwọn apá ọpọlọ tó jẹ mọ́ ìmọ̀lára rọlẹ̀ nígbà Om, wọn kò sì rí bẹ́ẹ̀ nígbà “sss”. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò kò pọ̀, nítorí náà mi ò lè gbé ẹjọ́ lé e lórí. Kíkùn tún máa ń mú kí afẹ́fẹ́ nitric oxide tó ń ti imú jáde pọ̀ tó ìlọ́po 15, bí àwọn olùwádìí Weitzberg àti Lundberg ti rí i ní Sweden ní 2002, ṣùgbọ́n ihò inú egungun imú ni èyí ń bá ṣiṣẹ́. Kò yẹ ká tún fi àsọdùn tuntun rọ́pò ti àtijọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó jókòó kí ẹ̀yìn rẹ̀ nà láìle gbagidi, kó pa ẹnu dé kí eyín má pàdé, kó fi imú mí sínú wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tí kò kánjú, láìjẹ́ pé àyà wú dé ọrùn. Kó wá máa kùn jẹ́jẹ́ títí èémí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, láìfi ipá fún èyí tó kù jáde. Bí mímí sínú bá gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, tí kíkùn gba mẹ́fà, ó ti dé ìgbà mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Ìṣẹ́jú márùn-ún lóòjọ́ tó láti bẹ̀rẹ̀. Irú àkókò yẹn náà ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà lò fún oṣù kan nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2023, níbi tí èémí tó fi gígùn sí mímí síta ti mú inú àwọn ènìyàn dùn ju ìjókòó àṣàrò lọ. Bí òòyì bá kọ́ ẹni náà, á jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tó ń fà ti pọ̀ jù. Kó dá a dúró, kó padà sí èémí rẹ̀ àtẹ̀yìnwá.

Bhastrika àti kapalabhati, àwọn èyí tí wọ́n ń mí kíákíá tagbáratagbára, kì í ṣe ti ìfọ̀kànbalẹ̀. Wọ́n máa ń ta ara jí ni. Kí aboyún, ẹni tó ní wárápá, ẹni tí ẹ̀rù òjijì máa ń mú àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru yàgò fún wọn, kí ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru má sì ṣe fi èémí kankan rọ́pò oògùn rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ gbọ́ sí i.