Kì í ṣe òótọ́ pé ọmọ ọwọ́ kò mọ nǹkan kan

Ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Ilé-Ifẹ̀, bí nọ́ọ̀sì bá ti gún ọmọ kan lábẹ́rẹ́ tó sì figbe ta, àwọn tí abẹ́rẹ́ kò tíì kàn lórí itan ìyá wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pẹ̀lú. Àwọn àgbà a ní ariwo ló ń dà wọ́n láàmú, nítorí pé ọmọ ọwọ́ kò mọ̀ ju ọmú àti oorun lọ. Láti Ẹnuwá dé Lágéré ni ìgbàgbọ́ yìí ti gbilẹ̀, òun ló sì ń mú kí tọkọtaya máa jà lójú ọmọ oṣù márùn-ún láìfura. Kò tọ̀nà rárá.

Bó bá jẹ́ ariwo lásán ni, igbe ọmọ náà fúnra rẹ̀, tí a gbà sílẹ̀ tí a sì tún jẹ́ kó gbọ́, ì bá mú un sunkún bákan náà. Ní ọdún 1982, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà dán èyí wò lára àwọn ọmọ tuntun tó dákẹ́ jẹ́ẹ́: igbe ọmọ tuntun mìíràn mú wọn sunkún, tiwọn kò fi bẹ́ẹ̀ mú wọn sunkún. Ìwádìí kan ní Ítálì ní ọdún 1999 rí irú rẹ̀.

Èyí tó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2017 ló jọ mí lójú jù. Wọ́n fi àwòrán tó ń lọ sókè sódò han àwọn ọmọ oṣù márùn-ún. Nígbà mìíràn àwòrán náà ń bá lílù ọkàn ọmọ náà gan-an rìn, nígbà mìíràn kò bá a rìn, àwọn ọmọ náà sì pẹ́ ní wíwo èyí tí kò bá ọkàn wọn mu. Nígbà tí wọ́n wá rí fídíò ojú tó ń bínú tàbí tó ń bẹ̀rù, bí ọpọlọ wọn ṣe ń dáhùn sí lílù ọkàn náà yí padà. Ìbínú ẹlòmíràn ti wọ inú ara ọmọ kó tó mọ orúkọ ìbínú.

Àmọ́, kí a má ṣe tìtorí èyí sọ pé a bí ìdájọ́, ìyẹn mímọ ìwà rere yàtọ̀ sí búburú, mọ́ ọmọ. Ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2007, gbogbo ọmọ oṣù mẹ́fà 12 tí wọ́n dán wò ló yan olùrànlọ́wọ́ dípò adènà nínú eré kékeré kan tí ọ̀kan ti ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, tí èkejì sì ń dí i lọ́nà. Nígbà tí ilé ìwádìí 37 para pọ̀ tún un ṣe, nǹkan bí ìdajì péré ló yan olùrànlọ́wọ́.

Ara ni mo rò pé ìdájọ́ ti ń gbéra. Ọmọ ọjọ́ kan ń fajú ro bí ohun kíkorò bá kan ahọ́n rẹ̀, bí gbogbo ìyá tó ti rọ ọmọ lágbo ṣe mọ̀. Ní Kánádà ní ọdún 2009, wọ́n rí i pé iṣan tó ń gbé ètè òkè àgbàlagbà sókè nígbà tó bá mu ohun kíkorò náà ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹlòmíràn bá pín owó tó sì rẹ́ ẹ jẹ.