Òwú Wà fún Ọkọ, Kí Ló Wà fún Ọmọbìnrin?

Lọ́dọọdún, nínú oṣù Jyeshtha, àwọn abilékọ ní Maharashtra, Gujarat àti Bihar ní Íńdíà a máa gbààwẹ̀. Wọn a múra bí ìyàwó tuntun, wọn a sì máa yí igi banyan po, tí wọ́n ń fi òwú wé e lára. Ìbátan ọdán tiwa ni igi náà. Ẹ̀mí gígùn ni wọ́n ń tọrọ fún ọkọ wọn, nítorí Savitri, obìnrin tó bá Yama, òrìṣà ikú, rojọ́ títí tó fi dá ọkọ rẹ̀ Satyavan padà fún un.

Ìtàn Savitri ní ìbẹ̀rẹ̀ tó yẹ kó ti ọ̀pọ̀ bàbá lójú. Ọmọkùnrin ni Ọba Ashwapati ń tọrọ. Obìnrin ni wọ́n fún un. Obìnrin yẹn náà ló sì bá bàbá rẹ̀ gba ọgọ́rùn-ún ọmọkùnrin lọ́wọ́ Yama, kó tó gba ọkọ tirẹ̀. Ká ní òde òní ni, bóyá síkáàn ni ì bá tú u fó, kí wọ́n sì ṣẹ́ oyún rẹ̀.

Ní 1994 ni Íńdíà ṣe òfin tó ka sísọ bóyá akọ tàbí abo ni oyún léèwọ̀. Síbẹ̀, ṣe ni iye ọmọbìnrin ń dín kù: nínú ìkànìyàn 1991, ọmọbìnrin 945 ló wà fún ọmọkùnrin 1,000 láàárín àwọn tí kò tíì pé ọdún méje. Nígbà tó fi di 2011, ó ti já sí 918. Ní ìpínlẹ̀ Haryana, 834 péré ni. Èyí kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run: ẹnì kan ló sanwó, dókítà kan ló gbà á.

Owó ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Lọ́hùn-ún, ilé ìyàwó ló ń kó owó àti ẹrù fún ilé ọkọ, òdìkejì owó orí tiwa. Òfin 1961 fòfin dè é. Wọ́n ṣì ń gbà á ní gbangba. Bàbá tó bá bí obìnrin mẹ́ta gbà pé gbèsè mẹ́ta ló bí.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni pa ọdún igi tì. Ṣùgbọ́n ẹ wo Piplantri, abúlé kan ní Rajasthan tí ìwakùsà mábù ti sọ ilẹ̀ rẹ̀ di aṣálẹ̀ nígbà kan. Shyam Sundar Paliwal, olórí tí wọ́n dìbò yàn níbẹ̀, nígbà náà, ló dá àṣà kan sílẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọbìnrin rẹ̀ kú. Bí wọ́n bá bí obìnrin, igi 111 ni wọ́n ń gbìn. Àwọn ará abúlé a dá owó, òbí a fi tiwọn kún un, wọn a sì fi í pamọ́ sí báńkì lórúkọ ọmọ náà. Òbí a tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn yóò rán an nílé ẹ̀kọ́, àwọn kò sì ní fi í fọ́kọ kó tó pé ọdún 18. Wọ́n tilẹ̀ gbin etí erin yí àwọn igi náà ká kí ikán má bàa jẹ wọ́n, wọ́n sì ń rí i tà.

Ohun tí à ń bèèrè nìyẹn: kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Íńdíà fi owó sí báńkì lórúkọ ọmọbìnrin lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, kí wọ́n sì gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ dókítà tó bá tú àṣírí oyún. Haryana ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.