Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń kúrò lára ni ọ̀rá

Ẹ̀yin tí ẹ ń febi pa ara yín torí kí ikùn lè wọlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí torí mo ti ṣe irú ẹ̀ rí. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ewébẹ̀ àti èso sì ni oúnjẹ ọ̀hún. Òṣùwọ̀n ń wálẹ̀, inú mi ń dùn. Àfi ọjọ́ tí mo fẹ́ gbé irin tí mo máa ń gbé tẹ́lẹ̀ láti fi ṣe eré ìdárayá, tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Apá ti tín-ín-rín, èjìká ti rọ̀, ikùn tí mo torí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Òṣùwọ̀n ò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan. Kò tiẹ̀ mọ omi. Ara máa ń tọ́jú ṣúgà díẹ̀ pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, gíráàmù kan rẹ̀ sì máa ń di bíi gíráàmù omi 3 mọ́ra. Bí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dín oúnjẹ kù, ìyẹn ló kọ́kọ́ ń lọ. Kílò 2 tàbí 3 tó lọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí à ń yọ̀ lé lórí, omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kílò ọ̀rá kan ṣoṣo ní tó kálórì 7,700 nínú (kálórì la fi ń wọn agbára tí oúnjẹ ń fún ara). Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: ẹni tó ń fi kálórì 500 dín oúnjẹ ẹ̀ kù lójoojúmọ́ á lò tó ọjọ́ 15 kí kílò ọ̀rá kan tó kúrò lára ẹ̀. Ìkánjú ò lè yí i padà.

Èrò ọkàn mi ni pé ká má bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí a fẹ́ yọ kúrò nínú àwo. Ká kọ́kọ́ wò ó bóyá èròjà amúaradàgbà tí à ń jẹ tó. Ẹni tó ń gbé irin nílò bíi gíráàmù 1.6 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Ẹni kílò 70, bíi gíráàmù 112 nìyẹn. Ẹyin kan ò sì ní ju bíi gíráàmù 6 lọ, nítorí náà ẹyin méjì àárọ̀ tí ọ̀pọ̀ wa gbójú lé ò tíì dé ibì kan. Ẹ fi ẹja kún un, ẹran tí ò lọ́ràá, wàrà, ẹ̀wà, kí ẹ sì pín in káàkiri oúnjẹ ọjọ́ náà. (Ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ò dáa, kó kọ́kọ́ rí dókítà.) Amúaradàgbà máa ń jẹ́ kéèyàn yó pẹ́. Nínú kálórì 100 tó bá sì tinú ẹ̀ wá, ara á ti ná bíi 20 sí 30 níbi tó ti ń dà á.

Òróró ló yẹ ká ṣọ́: kálórì 9 ló wà nínú gíráàmù kan rẹ̀, nígbà tí ti amúaradàgbà jẹ́ 4.

Irin gbígbé ńkọ́? Dandan ni. Iṣan tí ara ò rí iṣẹ́ fún lásìkò tí oúnjẹ dín kù, ara ò ní pẹ́ jẹ ẹ́.

Mi ò fi òṣùwọ̀n nìkan díwọ̀n ara mi mọ́. Mo ń fi téèpù wọn ìbàdí, mo sì ń kọ ìwọ̀n irin tí mo gbé sínú ìwé. Lóṣù tó kọjá, kílò kan péré ni òṣùwọ̀n fi wálẹ̀, àmọ́ bẹ́líìtì mi ti wọ ihò kejì. Irin tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n lábẹ́ ẹ̀ nígbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni mò ń gbé e báyìí kí n tó sinmi.